Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń lọ, agbábọ́ọ̀lù ń lọ, kí ló kù fún alátìlẹyìn? Ọ̀rọ̀ Hearts of Oak láti ọjà Kantamanto

Bí ẹ bá fẹ́ mọ agbábọ́ọ̀lù tó ti kúrò nínú ikọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ gba ọjà Kantamanto nílùú Accra kọjá, kí ẹ sì wo àwọn jẹ́sì tí àwọn oníṣòwò fi kọ́ sókè ní ìsọ̀ wọn.

Orúkọ ẹni tó ti lọ tipẹ́ lè ṣì wà lẹ́yìn aṣọ náà. Michael Essien ti kúrò ní Chelsea láti ọdún 2014. Mohammed Kudus, ọmọ Nima ní Accra níbí, ti fi West Ham sílẹ̀ lọ sí Tottenham lọ́dún 2025. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ti lọ, ẹni tó ra jẹ́sì rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè kò fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n á dì í mọ́ aṣọ àlòkù, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e wá sí Ghana.

"Obroni wawu" ni àwọn ará Ghana ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn aṣọ òyìnbó tó ti kú. Òkìríkà ni tiwa ní Nàìjíríà. Kantamanto wà lára àwọn ọjà aṣọ àlòkù tó tóbi jù lágbàáyé. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ọjà náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 aṣọ ló ń wọ ibẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, àti pé àwọn tó ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn níbẹ̀ tó 30,000.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ni wọ́n ń sọ ní Kantamanto. Pápá ìṣeré Accra Sports Stadium, tí Hearts of Oak ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikọ̀ náà kò wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń tú ìdì aṣọ àti àwọn alábàárù tó ń gbé e. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìbéèrè méjì ló máa ń gbóná jù láàárín àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ náà: Kí ló dé tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò fi ń pẹ́? Kí ló dé tí agbábọ́ọ̀lù tó dára fi ń lọ?

Ikọ̀ tó dàgbà jù ní Ghana

Ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá, ọdún 1911 ni wọ́n dá Hearts of Oak sílẹ̀. Kò sí ikọ̀ bọ́ọ̀lù mìíràn tó ṣì wà ní Ghana lónìí tó dàgbà jù ú lọ. "Phobia" ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é, àwọ̀ pupa, ìyeyè àti búlúù sì ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Orogún rẹ̀ ni Asante Kotoko ti ìlú Kumasi, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1935, tó sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1970 àti 1983. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ẹni tó ń rajà pàápàá á gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ọdún 2000 ni àwọn àgbà láàárín àwọn alátìlẹyìn Hearts máa ń tọ́ka sí jù. Lọ́dún yẹn, Cecil Jones Attuquayefio ló ń darí ikọ̀ náà. Hearts gba líìgì, wọ́n gba ife FA, wọ́n sì lu Espérance ti Tunisia nílé àti lẹ́yìn odi láti gba ife Champions League ilẹ̀ Áfíríkà. Láti 1997 títí dé 2002, ọdún mẹ́fà léra wọn ni líìgì Ghana fi wà lọ́wọ́ Hearts.

Àwọn Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin náà kò lè gbàgbé Attuquayefio. Òun ló darí ikọ̀ Benin dé ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tó wáyé ní Tunisia lọ́dún 2004. Ó jáde láyé lọ́dún 2015.

Bí àwọn alátìlẹyìn bá wá ń bínú sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tòní, ọdún 2000 yẹn ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tó wúwo ni.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá mélòó láàárín ọdún mẹ́rin?

Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Samuel Boadu ti Medeama dé sí Hearts. Líìgì tí ikọ̀ náà kò rí gbà láti 2009, ó gbà á fún wọn lọ́dún yẹn kan náà. Ó tún gba ife FA mọ́ ọn, ó sì tún gba ife FA lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún 2022.

Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Hearts ní kó máa lọ.

Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Hearts á dárúkọ Casablanca. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Hearts lu Wydad ti Morocco ní 1-0 ní Accra nínú ìdíje Champions League. Wọ́n dé Casablanca, Wydad sì jẹ wọ́n ní 6-1. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí Confederation Cup, wọ́n lu JS Saoura ti Algeria ní 2-0 nílé, ìyẹn náà tún fìyà jẹ wọ́n ní 4-0 lọ́hùn-ún. Sáà líìgì tó tẹ̀ lé e kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ni iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ Boadu.

Slavko Matić, ará Serbia, ló gba ipò rẹ̀. Kò lo oṣù mẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àwọn alátìlẹyìn kan wọ ibi tí ikọ̀ náà ti ń gbára dì, wọ́n sì ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. David Ocloo dì í mú fúngbà díẹ̀. Martin Koopman, ará Netherlands, dé, kò sì pẹ́ tí òun náà fi lọ. Abdul Bashiru bọ́ sí i. Ní 2024, Aboubakar Ouattara láti Ivory Coast gbà á. Ní 2025, ó kan Mas-Ud Didi Dramani.

Ẹni tí àwọn ọmọ Kotoko mọ̀ dáadáa ni Dramani. Òun ló gba líìgì fún wọn ní sáà 2012/13 àti 2013/14. Ẹni tó ń mú inú Hearts bàjẹ́ nígbà náà ni Hearts wá gbé ikọ̀ wọn lé lọ́wọ́.

Láàárín gbogbo ìyípadà yìí, Hearts kò gba líìgì mọ́. Medeama gbà á ní 2023, Samartex gbà á ní 2024, Bibiani GoldStars gbà á ní 2025. Ní sáà 2023/24, díẹ̀ ló kù kí ikọ̀ tó ti jẹ́ ọba Áfíríkà já bọ́ sí ìpele kejì.

'Ẹ lé e' àbí 'ẹ fún un láyè'?

Ibi tí àríyànjiyàn àwọn alátìlẹyìn ti máa ń pín sí méjì nìyí.

Àwọn kan gbà pé ikọ̀ ńlá kò gbọ́dọ̀ fàyè gba ìjákulẹ̀. Wọ́n á ní bí ọjà kò bá tà ní ìsọ̀ kan, oníṣòwò kì í jókòó síbẹ̀ títí owó rẹ̀ á fi tán. Ńṣe ló máa ń pààrọ̀ ọjà. Lójú tiwọn, ọmọ ọdún 20 tó ń tì lẹ́yìn ikọ̀ náà lónìí kò bá ọdún 2000 láyé, kò sì yẹ kí wọ́n máa fi ìtàn bọ́ ọ.

Àwọn yòókù gbà pé àìsùúrù gan-an ni àrùn náà. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun bá dé, á mú agbábọ́ọ̀lù tó wù ú wá. Bí wọ́n bá lé e lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ẹni tó gbapò rẹ̀ lè má fẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Wọ́n á tún ra òmíràn, wọ́n á sì tún san owó ìtanràn fún ẹni tí wọ́n lé bí àdéhùn rẹ̀ kò bá tíì parí. Àgbẹ̀ tó bá ń hú iṣu wò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kò ní rí iṣu jẹ.

Ẹ̀rí wà fún àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún sùúrù, ẹ̀rí náà kò sì jìnnà sílé wa. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà ní sáà 2022/23. Wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2023/24. Ikọ̀ mìíràn ì bá ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá dànù. Wọn kò lé Daniel Ogunmodede. Ní sáà 2024/25, ó gba líìgì náà fún wọn, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìtàn ikọ̀ náà.

Àmọ́ sùúrù nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Prosper Narteh Ogum gba líìgì fún Kotoko ní sáà 2021/22, kò sì pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Seydou Zerbo láti Burkina Faso rọ́pò rẹ̀. Ní 2023, Kotoko tún pe Ogum padà. Ẹni tó gba ife FA fún wọn ní 2025 kì í sì í ṣe Ogum, Abdul Karim Zito ni. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nígbà mìíràn, òun ló ń lọ.

Bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń lọ láìsan kọ́bọ̀

Èyí tó tún ń dun olólùfẹ́ Hearts ju lílé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ ni ọ̀rọ̀ Daniel Afriyie Barnieh.

Barnieh ló jẹ́ balógun ikọ̀ Ghana tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ ní 2021. Ó wà lára àwọn tó gba líìgì fún Hearts lọ́dún kan náà. Ní ìparí ọdún 2022, wọ́n mú un lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Qatar. Òun àti asọ́lé Kotoko, Ibrahim Danlad, nìkan ni wọ́n mú láti inú líìgì ilé.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2023, àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Hearts ti parí. Ó lọ sí FC Zürich ní Switzerland gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní ikọ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó ti dé ife ẹ̀yẹ àgbáyé jáde, ikọ̀ tó wà kò sì rí owó títà kankan gbà lórí rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Òfin àjọ FIFA kò le láti yé èèyàn. Bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù bá ku oṣù mẹ́fà, ó lómìnira láti bá ikọ̀ mìíràn fọwọ́ sí ìwé. Bí àdéhùn náà bá ti tán, kò sí ẹni tó máa san owó láti rà á. Ikọ̀ tó bá fẹ́ rí owó gbọ́dọ̀ fún un ní àdéhùn tuntun ṣáájú àkókò náà, tàbí kó tà á nígbà tí ọjọ́ ṣì wà nínú ìwé.

Ibì kan wà tí ikọ̀ kékeré ti lè rí nǹkan. FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí wọ́n bá fi ra agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, kí wọ́n pín in fún àwọn ikọ̀ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Bí wọ́n bá ra ẹnì kan ní mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, 500,000 dọ́là ló yẹ kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ. Láti ìparí ọdún 2022, FIFA ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń rí sí sísan owó náà. Àmọ́ ikọ̀ tí kò bá tọ́jú àkọsílẹ̀ ọmọ tó kọ́ kò ní ẹ̀rí tó máa fi gba tirẹ̀.

Ti Kotoko náà wà níbẹ̀. Franck Etouga Mbella, ọmọ Cameroon, gbá góòlù 21 wọlé fún wọn ní sáà tí wọ́n fi gba líìgì 2021/22. Sáà kan péré ni wọ́n fi gbádùn rẹ̀. Al Masry ti Egypt gbé e lọ.

Èyí tó tún dunni jù ni kí agbábọ́ọ̀lù fi ilé sílẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ orogún. Charles Taylor wà lára àwọn ọmọ Hearts tó gba ife Áfíríkà ní 2000. Ní 2003, ó wọ jẹ́sì Kotoko. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni.

Ṣé ó yẹ ká dá agbábọ́ọ̀lù lẹ́bi? Èyí náà ń fa àríyànjiyàn. Ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fọ́ lọ́la ní ẹ̀tọ́ láti wá ibi tí owó wà. Àwọn oníṣòwò Kantamanto mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí oníbàárà kan bá san jù, òun ni wọ́n á tajà fún. Ohun tí alátìlẹyìn ń bèèrè ni pé kí ikọ̀ má ṣe jẹ́ kí ọjà olówó iyebíye jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Amẹ́ríkà náà, ẹnu kò sinmi

Láàárín àwọn aṣọ tó ń wọ Kantamanto, T-shirt tí wọ́n kọ orúkọ yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà sí pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ Michigan tàbí Alabama kiri Accra kò mọ̀ pé ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni aṣọ náà wà fún, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń gbé lọ́wọ́ sáré. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbá a, síbẹ̀ pápá Michigan nìkan ń gba èèyàn tó lé ní 100,000.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní Accra ni àwọn olólùfẹ́ yunifásítì wọ̀nyí náà ń sọ. Láti ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kúrò lè fi orúkọ rẹ̀ síbi tí yunifásítì mìíràn ti máa rí i. Lọ́dún 2021, wọ́n fàyè gbà á láti lọ lẹ́ẹ̀kan láìjókòó sílé fún ọdún kan, ó sì lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Láti 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ lè san owó fún un.

Ọmọ Yorùbá kan jèrè nínú rẹ̀. Yunifásítì Virginia ni Olusegun Oluwatimi ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ìparí ọdún 2021, akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀, Bronco Mendenhall, fipò sílẹ̀. Oluwatimi kọjá sí Michigan. Lọ́dún 2022 tó dé ibẹ̀, ó gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, méjì lára èyí tó ga jù fún àwọn tó ń gbá ipò rẹ̀. Ní 2023, Seattle Seahawks mú un. Ohun tí Virginia pàdánù ni Michigan jèrè.

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń lé wọn. Nígbà tí Texas A&M lé Jimbo Fisher ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, owó tí wọ́n jẹ ẹ́ lórí àdéhùn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Lane Kiffin fi Ole Miss sílẹ̀ lọ sí LSU, nígbà tí Ole Miss ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbá ìdíje tó tóbi jù nínú ìtàn wọn.

Owó Amẹ́ríkà àti ti Ghana kò dọ́gba rárá, ṣùgbọ́n ibi kan ni ọ̀rọ̀ náà ti bá ara mu. Nínú méjèèjì, kò sí ẹni tó bi alátìlẹyìn léèrè kí wọ́n tó ṣe é.

Ta ni alátìlẹyìn máa fẹjọ́ sùn?

Ní Ghana, ọba ló wà nídìí ikọ̀ méjèèjì. Asantehene, Otumfuo Osei Tutu II, ni olórí Kotoko. Togbe Afede XIV, tó jẹ́ ọba Asogli, ni alága ìgbìmọ̀ Hearts, òun ló sì ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ó rọrùn láti pariwo mọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kò rọrùn láti pariwo mọ́ ọba. Bóyá ìdí nìyí tí ẹni tó wà ní ìlà pápá fi ń gba gbogbo ìbínú náà.

Ìbínú sì léwu. Ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 2001, Hearts ń lu Kotoko ní 2-1 ní Accra Sports Stadium. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ju àga, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, àwọn èèyàn sì sáré sí ẹnu ọ̀nà tí kò ṣí. Èèyàn 126 ló kú. Ère ẹnì kan tó gbé ọmọnìkejì rẹ̀ wà níwájú pápá náà títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibi ìgbáradì lọ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, ère yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ alátìlẹyìn ń bèèrè kò pọ̀: kí wọ́n fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ní sáà kan ó kéré tán, kí wọ́n bá agbábọ́ọ̀lù tó dára tún àdéhùn ṣe kó tó ku oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì jáde wá ṣàlàyé bí ẹnì kan bá lọ.

Àwọn tó ń bèèrè yìí mọ ohun tí sùúrù jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2025, iná sun apá tó pọ̀ nínú Kantamanto. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìsọ̀ oníṣòwò tó jó, gbèsè ló bù sí i. Síbẹ̀ wọ́n ra pákó àti páànù, wọ́n kàn án padà, wọ́n sì tún tú ìdì aṣọ.

Wọn kò sì fi ikọ̀ wọn sílẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè gba ibòmíràn lọ, agbábọ́ọ̀lù náà lè wá ikọ̀ tuntun. Alátìlẹyìn Hearts kò ní ibòmíràn láti lọ. Bí ikọ̀ náà bá ní ìdíje nílé lópin ọ̀sẹ̀, á palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, á wọ jẹ́sì pupa, ìyeyè àti búlúù rẹ̀, á sì forí lé pápá. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́gbọ́n báyìí: wọn kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn rẹ̀ mọ́.